Èsì: Ikú baba ńlá yín ní Edgefield

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí o. Ìwé-ẹ̀rí ikú tí ẹ ń wá fún baba ńlá yín, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Edgefield, South Carolina, tó sì kú ṣáájú 1860, ẹ ò lè rí i. Ọdún 1915 ni ìpínlẹ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé ìwádìí coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ohun tó pa òkú, ni kí ẹ béèrè.

Àmọ́ ó dìgbà tí ikú náà bá jẹ́ ti òjijì, ti ìwà ipá, tàbí tó mú ìfura lọ́wọ́. Ẹni tí àìsàn pa lórí ẹní, wọn kì í sábà pe coroner sí i.

Coroner á kó ọkùnrin àdúgbò jọ yí òkú ká, wọn á wo ojú ọgbẹ́, wọn á gbọ́ ẹlẹ́rìí, wọn á wá fọwọ́ sí ohun tó pa á: wọ́n pa á ni, ó para rẹ̀ ni, ìjàǹbá ni, tàbí àmúwá Ọlọ́run. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè gba “àmúwá Ọlọ́run” yẹn gbọ́ tó bá jẹ́ ẹrú ló kú. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo ìgbìmọ̀ náà, aládùúgbò olówó ẹrú sì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni kí ẹ kà. Ibẹ̀ ni àpá ẹgba ti máa ń yọjú.

1. Orúkọ olówó rẹ̀ ni kí ẹ fi wá a. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń kọ fún ẹrú.
2. Ẹ béèrè ní ibi ìpamọ́ ìwé ìpínlẹ̀ náà ní Columbia.
3. Ẹ wo àkọsílẹ̀ àwọn òkú nínú ìkànìyàn 1850 àti 1860. Oṣù méjìlá tó ṣáájú June 1 ọdún náà nìkan ló kó.