Ìkógun ni, àbí ẹrù olè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo gbọ́ nínú ìròyìn pé "loot" ni àwọn ère idẹ Bìní tó wà lókè òkun. Mo sọ fún ọmọ mi pé ìkógun ni ìyẹn, ó ní rárá, ẹrù olè ni. Ta ló jàre nínú wa? Níbo sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ni "loot". Láti ẹnu àwọn elédè Hindi ní Íńdíà ni wọ́n ti gbọ́ "lūṭ", nígbà tí àwọn oníṣòwò àti ọmọ ogun wọn ń jẹ gàba níbẹ̀. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n sì kó orúkọ ẹrù mọ́ ọn.

Ní tiwa, "kó" àti "ogun" ló bí ìkógun. Láyé ogun Ìbàdàn, ẹrù àti ẹrú ló wà nínú rẹ̀, balógun a sì gba ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Kò sí ìtìjú kankan nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú Bíbélì pàápàá, Dáfídì fi ìkógun ta àwọn àgbà Júdà lọ́rẹ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe rí. Ìròyìn ni mo ń túmọ̀ nílé iṣẹ́ rédíò kan nígbà náà, mo sì kọ "ìkógun àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti Bìní". Ọ̀gá mi fa báírò pupa la ìkógun já, ó ní, "Ìwọ yìí, ẹnu ta lo fi ń sọ̀rọ̀? Ẹni tó kó o, àbí onílé?"

Mo ní kí n kọ ẹrù olè. Ó tún kọ̀ ọ́. Ó ní olè a máa bojú, a máa wá lóru; àwọn wọ̀nyí gbé ìbọn arọ̀jò-ọta wá ní 1897, wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kálábà, wọ́n sì ta púpọ̀ nínú ẹrù náà ní gbangba. Àwọn Jámánì wà lára àwọn tó rà á. (Ẹni gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀, àbí? Ní 2022 ni Jámánì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá díẹ̀ padà.)

Síbẹ̀, ọmọ yín fi díẹ̀ jàre jù yín lọ: ẹnu onílé ló fi sọ̀rọ̀. Ohun tí ọ̀gá mi kọ sórí ìwé ni "ẹrù tí wọ́n fipá kó láàfin Bìní". Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kà á sórí afẹ́fẹ́.