Ẹ Bi Wá: Àpá Ara Ọmọ àti Ìtàn Tí Wọ́n Ń Sọ Nípa Rẹ̀

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí nínú àwọn tó dé lórí ìfìyàjẹ ọmọdé. A gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò. Bí a bá ti rí àpá, ọjọ́ orí ọmọ la kọ́kọ́ ń bèèrè: ṣé ọmọ tó tó báyìí lè ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe?

Ọmọ-ọmọ mi jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́ta àbọ̀. Mo rí i pé etí rẹ̀ òsì ṣókùnkùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wú. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ó yí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì forí gbá ògiri. Ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́. Àbí mo ń fura jù ni? — Ìyá Àgbà, Ìbàdàn

Rárá, Màmá. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn tó ní dókítà ọmọdé lónìí, ẹ má dúró de ọ̀la.

Láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí ara padà. Kódà bí ọmọ bá tilẹ̀ yí ṣubú, etí kọ́ ló máa ń fi gbalẹ̀, torí orí àti èjìká ló máa ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Etí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bà jẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbátí ló sábà máa ń jọ. Òfin tí àwọn dókítà ọmọdé ń lò rọrùn láti rántí: ọmọ tí kò tíì pé oṣù márùn-ún, níbikíbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì lábẹ́ awọ rẹ̀, kí dókítà wò ó. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin, kí a gbé e lọ bó bá jẹ́ àyà, ikùn, ẹ̀yìn, ìdí, etí tàbí ọrùn ni. Ọmọ tí kò tíì lè rá kì í sábà ṣe ara rẹ̀ léṣe débẹ̀.

Ẹ wò ó lójú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítosí fèrèsé, torí lára aláwọ̀ dúdú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í pọ́n. Ó kàn ń ṣókùnkùn ju awọ tó yí i ká lọ ni, nígbà mìíràn ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má fi òrí tàbí àbóníkì pa á, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwọ̀ àpá náà sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Dókítà gan-an kò lè fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n.

Nílé ìwòsàn, kí wọ́n bọ́ ọmọ náà sí ìhòòhò, kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀, pàápàá awọ tín-ínrín tó so ètè òkè mọ́ èrìgì, torí tí wọ́n bá fi tipátipá ti ìgò oúnjẹ bọ ọmọ lẹ́nu, ó máa ń ya. Wọ́n á ya ẹ́sírè gbogbo eegun rẹ̀, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá irú tí kì í tètè dì ni. Nítorí pé irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà lè fa àpá ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tíì na ọmọ ọ̀dọ̀ náà (ọmọ ẹlòmíì lòun náà, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an kò tíì pé ọdún 18). Àmọ́ kí ó má dá wà pẹ̀lú ọmọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Bí ọmọ bá ń bì láìní ibà, tí kò fẹ́ mu ọmú, tí oorun rẹ̀ ń wuwo jù, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú nígbà tí kò sunkún, tàbí tí gìrì mú un, ìyẹn kò gba ìdúró ìṣẹ́jú kan. Ó lè jẹ́ pé wọ́n gbọn ọmọ náà jìgìjìgì nítorí ẹkún. Orí ọmọ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò tíì lágbára, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lórí ọpọlọ sì máa ń já, láìjẹ́ pé àpá kankan hàn lóde. A máa ń rò pé ibà ni, a ó máa wá oògùn ibà kiri. Ẹ tún dákun, jíju ọmọ sókè lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ mi ni àwọ̀ búlúù ti wà ní ìdí àti ìbàdí rẹ̀. Ó pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí, àwọn tó ń tọ́jú ọmọ lójúmọmọ sì ń bi mí léèrè. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má gba ọmọ mi. — Abiyamọ, Lọ́ńdọ̀nù

Àmì ìbí ni. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Éṣíà. Kì í wú, kì í dun ọmọ, kì í sì í yí àwọ̀ padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe máa ń ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣá bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ẹ ní kí health visitor (nọ́ọ̀sì tó ń bẹ ọmọ wò nílé) tàbí GP (dókítà àdúgbò) yín kọ ibi tó wà àti bó ṣe tóbi tó sínú ìwé pupa ìlera ọmọ náà, kí ẹ sì fún àwọn olùtọ́jú ní ẹ̀dà. Ẹ má bínú sí wọn, iṣẹ́ wọn ni láti bèèrè.

Pírámárì 2 ni mo ń kọ́. Ọmọ ọdún méje kan tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ máa ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, ó máa ń sùn ní kíláàsì, ó sì máa ń fi oúnjẹ pamọ́ sínú báàgì. Nígbà tí súwẹ́tà ká sókè, mo rí àpá ìlà méjì tó tẹ̀ pàdé lórí. Àǹtí rẹ̀ ní ó já lórí igi ni. Ọ̀gá wa ní kí n má dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí. — Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Igi máa ń họ ara ni, kì í ya ìlà méjì tó pàdé. Wáyà tàbí okùn tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì ló ń fi irú àpá yẹn sílẹ̀. Ọmọ tó ń sáré tó ń ṣubú, orúnkún, ojúgun, ìgúnpá, iwájú orí àti àgbọ̀n rẹ̀ lẹ ó ti rí àpá. Ẹ̀yìn, ìdí, itan àti abẹ́ apá kì í ṣe ibi ìṣubú.

Ẹ fi ojú kan náà wo iná. Omi gbígbóná tó ṣèèṣì dà máa ń jó wúruwùru: á fẹ̀ lókè, á tín-ín-rín bó ṣe ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, ojú ibi tí omi ta sí á sì wà káàkiri. Ẹsẹ̀ tí wọ́n rì bọ omi, ìlà rẹ̀ máa ń gún régé bí ìgbà tí ọmọ wọ ìbọ̀sẹ̀, ọ̀tún àti òsì á sì dọ́gba.

Ẹni tó bá fẹ́ fi òwe ọwọ́ ọ̀tún tó ń báni wí àti tòsì tó ń fani mọ́ra dá yín lóhùn, ẹ bi í pé ọwọ́ wo ló mú wáyà.

Ẹ pe ọmọ náà síbi tí àwọn èèyàn ti lè rí yín, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ bi í pé, “Kí ló ṣe ọ́ lápá?” Ẹ má sọ pé, “Ṣé àǹtí ẹ ló nà ẹ́?”, torí lọ́jọ́ iwájú lọ́ọ̀yà á ní ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó. Ẹ má bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ má sì ṣèlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ sì ya àwòrán ara èèyàn kan láti fi ibi tí àpá wà hàn. Ẹ má pe àǹtí náà: bó bá ti gbọ́, yóò mú ọmọ kúrò níléèwé, a ò sì ní rí i mọ́. Ọ́fíìsì wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ tàbí àgọ́ ọlọ́pàá ni kí ẹ lọ. Láti ọdún 2003 ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ní tirẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí mọ́.

Láti àná ni ọmọ mi obìnrin, ọdún márùn-ún, ti ń sunkún tó bá fẹ́ tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú pátá rẹ̀. Kò fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wa kan mọ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí n sì pa ẹnu mọ́. — Ìyá rẹ̀, Ìkòròdú

Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ọṣẹ líle tàbí àìsàn ojú ìtọ̀ lè mú kí ìtọ̀ ta ọmọ, aràn sì lè mú kí ìdí máa yún un lóru. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nínú pátá àti ìbẹ̀rù ẹnìkan tàbí ibì kan tó dé lójijì, tí wọ́n bá pàdé, ẹ kúrò nílé báyìí.

Ẹ kó pátá àti aṣọ tó wọ̀ lánàá sínú àpò pépà. Tó bá jẹ́ náílọ́ọ̀nù, ọ̀rinrin á bà á jẹ́, ẹ̀rí á sì bà jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Mirabel Centre ni kí ẹ gbé e lọ, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Ó wà nínú ọgbà LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, wọn kì í gba owó ìtọ́jú. Wákàtí 72 péré lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV fi wúlò, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n á fi lò ó. Bí dókítà bá ní òun kò rí ọgbẹ́, ìyẹn kò sọ pé ọmọ purọ́: ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bá ṣe ìṣekúṣe sí, ara wọn kì í fi nǹkan kan hàn. Ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò pariwo. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni ẹ lè pè.

Kóòṣì bọ́ọ̀lù ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 13, ra fóònù fún un láìsọ fún wa. Ṣé ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe kan ọmọkùnrin pẹ̀lú? — Bàbá, Òṣogbo

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2014, ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá ló sọ pé wọ́n ti ṣe ìṣekúṣe sí òun kí òun tó pé ọdún 18. Nínú ọmọbìnrin, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Ẹ̀bùn tí òbí kò mọ̀, àṣírí, ìpàdé àwọn méjì péré: báyìí ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà lọ sí pápá mọ́ ní báyìí, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ kò bínú sí òun. Ẹ má gba fóònù náà lọ fi kojú kóòṣì, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá bá àwòrán ìhòòhò níbẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá rẹ̀. Bí fóònù náà bá ṣe wà ni kí ẹ gbé e lọ fún ọlọ́pàá.