Wọ́n Ń Ta Igbó ní Gbangba, Kí Ló Dé Tí Ẹni Tó Tà Á Ṣì Wà Lẹ́wọ̀n?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú wa. Ìpínlẹ̀ Maryland ni mo ń gbé ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ta igbó fún àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀bù láti oṣù keje ọdún 2023. Síbẹ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ṣì wà ní ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀ nítorí igbó tí ó tà ní ọjọ́ pípẹ́ sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ń bi mí pé, bí òfin bá ti yí padà, kí ló dé tí wọn kò tíì tú ọmọ òun sílẹ̀? — Ìyá Ìjọ kan, Maryland.

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ náà kú àmúmọ́ra. Òfin tó yí padà ní Maryland kì í ṣe òfin tó rán ọmọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1970 to igbó pọ̀ mọ́ heroin ní ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn oògùn tí wọ́n kà sí èyí tí kò wúlò fún ìwòsàn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì sọ ní ọdún 2005, nínú ẹjọ́ Gonzales àti Raich, pé òfin yìí múlẹ̀ kódà lórí igbó tí aláìsàn gbìn sílé ara rẹ̀ ní California, níbi tí ìpínlẹ̀ ti gbà á láyè.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ìjọba àpapọ̀ pa òfin náà rẹ́ lónìí, ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n kò ní í ṣí fúnra rẹ̀. Òfin àtijọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó sọ pé bí wọ́n bá pa òfin kan rẹ́, ìjìyà tó ti tọ́ sí ẹni tó rú u kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrò, àfi bí àwọn aṣòfin bá kọ ọ́ sínú òfin tuntun ní kedere. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n kokéènì nìyẹn. Ní ọdún 2010, wọ́n dín ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjìyà crack, ìyẹn kokéènì tí wọ́n sọ di òkúta tí wọ́n ń fà, àti ti kokéènì oníyẹ̀fun kù láti 100 sí 1 (gíráàmù 1 crack ń fa ìjìyà kan náà pẹ̀lú gíráàmù 100 oníyẹ̀fun) di 18 sí 1, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ṣáájú rẹ̀ ni kò rí ojú òfin náà padà lọ bá adájọ́ títí di oṣù kejìlá ọdún 2018, nígbà tí òfin First Step Act jáde. Ọdún mẹ́jọ gbáko!

Ọ̀rọ̀ Weldon Angelos sì ń dùn mí di òní. Ní Utah, ní ọdún 2004, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 55 nítorí igbó tí ó tà nígbà mẹ́ta fún amí ọlọ́pàá nígbà tí ìbọn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: ọdún 5 fún ẹ̀sùn ìbọn àkọ́kọ́, ọdún 25 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀sùn méjì tó tẹ̀ lé e. Kò fi ìbọn náà pa ẹnikẹ́ni lára. Adájọ́ Paul Cassell fúnra rẹ̀ sọ pé ìdájọ́ náà kò tọ́, ó sì burú, ṣùgbọ́n òfin ti so òun lọ́wọ́. Ọdún 2016 ni Angelos tó jáde. Òfin First Step Act ọdún 2018 yẹn fòpin sí kíkó ìjìyà ọdún 25 jọ lórí ara wọn bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo fún ẹni tí kò tíì jẹ̀bi irú ẹ̀sùn ìbọn bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò kan àwọn tí wọ́n ti dá ẹjọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe tí kò wẹ̀yìn wò fún àwọn tí òfin burúkú ti há mọ́lé, ìdajì ìdájọ́ òdodo ni mo kà á sí.

Ìdáríjì tí Ààrẹ Biden ṣe ní ọdún 2022 àti 2023 jẹ́ fún àwọn tí wọ́n bá igbó lọ́wọ́ wọn láti lò, kì í ṣe fún àwọn tó tà á. Bákan náà, àbá tí ìjọba gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, pé kí wọ́n gbé igbó wá sí ìsọ̀rí kẹta, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn oògùn tí wọ́n gbà pé ó wúlò fún ìwòsàn, kò lè dín ọjọ́ ẹ̀wọ̀n kankan kù fúnra rẹ̀, nítorí ìwọ̀n igbó gan-an ni òfin fi dá ìjìyà tó kéré jù: 100 kílò fún ọdún 5, 1,000 kílò fún ọdún 10. Ọ̀nà méjì ló ṣẹ́ kù fún ọmọ náà. Ó lè kọ̀wé sí Ààrẹ pé kí ó gé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kúrú, bí Biden ti ṣe fún nǹkan bí 2,500 ènìyàn tí wọ́n wà lẹ́wọ̀n nítorí oògùn ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ó sì tún lè bẹ adájọ́ fún ìtúsílẹ̀ nítorí àánú, lẹ́yìn tí ó bá ti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀wọ̀n tí ọjọ́ 30 sì ti kọjá.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní gíríìnì káàdì. Ṣé iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù igbó tí ìpínlẹ̀ fún níwèé àṣẹ lè dí mi lọ́wọ́ láti di ọmọ Amẹ́ríkà? — Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Chicago.

ÌDÁHÙN: Ó lè dí yín lọ́wọ́, bí ọlọ́pàá kò tilẹ̀ mú yín rí. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ọmọ ìlú ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ igbó lè pàdánù ẹ̀rí ìwà rere tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ ìlú, nítorí òfin àpapọ̀ ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ náà rí, ẹ má ṣe purọ́ lórí fọ́ọ̀mù N-400, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ Amẹ́ríkà. Lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn, kí ẹ tó buwọ́ lù ú.