Ohun tó gbé F-104 lu XB-70 lọ́dún 1966

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé àìfọkànsí ló mú Joe Walker, awakọ̀ òfurufú tó ń dán bàálù wò, wa bàálù ogun kékeré F-104 rẹ̀ lu XB-70, bàálù ńlá ajubọ́ǹbù ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣì ń dán wò, lókè aṣálẹ̀ ìtòsí Barstow ní California, ní June 8, 1966. Rárá o. Ọkùnrin tó ti wa X-15, bàálù tó ń lo rọ́kẹ́ẹ̀tì, gòkè kọjá 100 kìlómítà kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ibi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

XB-70 gùn tó mítà 56, ọrùn gígùn ló sì wà níwájú, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n gbé apá rẹ̀ sí. Walker wà lọ́wọ́ ọ̀tún, nítòsí ṣóńṣó apá. Ẹni tó bá ti fò pẹ́kípẹ́kí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù mìíràn mọ̀ pé àmì méjì lèèyàn ń mú lára ọkọ̀ aṣíwájú, tí kò ní jẹ́ kí wọ́n kúrò lórí ìlà kan náà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ lórí èkejì, ẹ ti sún nìyẹn. Ohun tí Walker ń wò ni ara ọkọ̀ funfun gbọọrọ tó jìnnà sí i. Ṣóńṣó apá XB-70 tó léwu jù lọ wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀. Kó tó rí i, àfi kó yíjú sẹ́yìn, bó bá sì yíjú, àmì rẹ̀ ti sọnù. Ìwádìí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà náà gbà pé ó ṣeé ṣe kó má fura rárá pé òun ń sún mọ́ ọn.

Afẹ́fẹ́ wá gba iṣẹ́ yòókù ṣe. Èyí tó wà lábẹ́ apá lágbára ju ti òkè lọ, ó sì máa ń yí gba ṣóńṣó apá gòkè bí ààjà. Bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó, tí kò sì yára, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń le sí i. XB-70, tí wọ́n ṣe láti sáré ju ohùn lọ nílọ̀ọ́po mẹ́ta, ń rọra lọ ní nǹkan bíi 480 kìlómítà ní wákàtí kan. Apá F-104 kò fẹ̀ tó mítà 7, ìrù ìdábùú rẹ̀ sì wà lókè téńté. Ìrù náà kan ṣóńṣó apá, imú ọkọ̀ ta sókè, ó dojú dé, ó gba orí XB-70 kọjá, ó gé ìrù òòró méjèèjì dànù, ó sì ba apá òsì jẹ́. Walker kú lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbàgbọ́ ni pé XB-70 ṣì fò gbọnrangandan fún bí ìṣẹ́jú àáyá 16. Al White àti Carl Cross, àwọn méjì tó ń wa XB-70, gbọ́ ariwo lórí rédíò, wọn ò mọ̀ pé àwọn ni wọ́n lù, torí kò síbi tí wọ́n ti lè rí ẹ̀yìn. Ìrù òòró kì í gbé ọkọ̀ dúró sókè, ṣe ló ń dá imú rẹ̀ padà bó bá fẹ́ yà. Láìsí i, yíyà díẹ̀ péré tó: imú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ yí, kò sì ṣeé dá padà mọ́.

Àga wọn ní láti fà sẹ́yìn wọ inú àpótí, kí ìlẹ̀kùn dé, kó tó ta wọ́n jáde. Apá White há sí ìlẹ̀kùn náà. Ó yọ ọ́ tìrora-tìrora, ó jáde, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbà á nílẹ̀ kò wú, síbẹ̀ ó yè. Cross kò jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wọ XB-70 nìyẹn.

Ó dùn mí jù pé ìfò pẹ́kípẹ́kí yẹn kì í ṣe ìdánwò kankan. Iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà ti parí. Fọ́tò ni ilé-iṣẹ́ General Electric fẹ́, ti bàálù márùn-ún tó ń lo ẹ́ńjìnnì wọn, àwọn ọ̀gá kan nínú ológun sì gbà fún wọn láìgba ọ̀nà tó yẹ kí àṣẹ gbà. Wọ́n bá wọn wí lẹ́yìn náà.