Ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà níbi ìṣínu àdúgbò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn ọmọ o. Ẹ ní ara èyí Táíwò kọ ẹ̀pà, ẹ sì fẹ́ mú un lọ síbi ìṣínu tí ilé kọ̀ọ̀kan máa ń gbé oúnjẹ wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rò pé ẹ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọbẹ̀ òun. Ẹ mú un lọ. Ọmọkùnrin tèmi náà kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹ̀pà, Ìlọrin níbí la sì jọ ń jẹ àsè.

Ibi tí wọ́n ti ń bu oúnjẹ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Níbi wòlímọ̀ kan lágbo ilé wa, mo bi ẹni tó se gbẹ̀gìrì léèrè, òótọ́ ló sì sọ, kò sí ẹ̀pà ńbẹ̀. Àmọ́ ṣíbí tí wọ́n fi kó súyà ni wọ́n tì bọ gbẹ̀gìrì, bẹ́ẹ̀ kúlíkúlí lílọ̀ wà nínú yájì ara súyà yẹn. Ọmọ ò tíì jẹun dé ìdajì tí ètè rẹ̀ fi wú, tí ara rẹ̀ sú, tí ó ń húkọ́, tí ohùn rẹ̀ há. Ìyá àgbà kan ti gbé epo pupa dé, ẹlòmíì ń wá Piriton. Ilé ìwòsàn la sáré gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ adrenaline tí wọ́n gún un nítan ló jẹ́ kó rí èémí mí.

Ẹ jọ̀ọ́, epo pupa kò ṣe nǹkan kan sí i, ó sì lè pá ọmọ tí kò mí dáadáa lórí. Ara yíyún ni Piriton ń bá wí, kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun. Bí ara ọmọ bá sì ti balẹ̀, ẹ má tètè gbé e kúrò lọ́dọ̀ dókítà, torí ó lè padà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Mi ò kì í béèrè mọ́ pé ṣé ẹ̀pà wà ńbẹ̀. "Rárá" ló yá lẹ́nu gbogbo èèyàn. Òróró tí wọ́n fi dín nǹkan ni mò ń béèrè, torí èyí tí àwọn oníkúlíkúlí fún, èròjà ẹ̀pà ṣì wà nínú rẹ̀, iná kò sì pa á. Àwọn kan tún máa ń lọ ẹ̀pà mọ́ kúnú.

Ẹ tètè dé, kí ládánì tó pèrun Màgáríbì. Tó bá ti pèrun tán, ọwọ́ á ti pọ̀ nídìí kúlà, kò sẹ́ni tó máa rántí ṣíbí. Ẹni tó ń pín oúnjẹ ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ bu ti ọmọ. Èmi máa ń se mọ́ínmọ́ín eléwé lọ, èyí tó tó gbogbo èèyàn jẹ. Inú ewé rẹ̀ ló wà, ṣíbí ẹnikẹ́ni kò kàn án. (Kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀wà bá ara Táíwò mu o.)

Ní ti ìbínú àwọn èèyàn, ẹ̀yin fúnra yín ẹ jẹ oúnjẹ wọn níṣojú wọn, kí ẹ yìn ín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan abọ́ ọmọ. Omi lásán kì í mú ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́ tán, sanitizer náà kì í mú un.