Wọ́n gbà mí síṣẹ́, wọ́n tún ní àwọn ò gbà mí mọ́: ohun tí ojú mi rí ní Adó

Àbúrò mi, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ilé iṣẹ́ kan ní Adó-Èkìtì fún ọ ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, o buwọ́ lù ú, o sì kọ̀wé fi iṣẹ́ tíṣà tí ò ń ṣe ní Ìkọ̀lé sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí o wọlé ni wọ́n fi WhatsApp sọ fún ọ pé àwọn ti yí ọkàn padà. O wá ń béèrè bóyá o lè pè wọ́n lẹ́jọ́, kí kóòtù sì fipá mú wọn gbà ọ́.

O lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn, gbàgbé ẹ̀. Kóòtù kì í fipá gbé òṣìṣẹ́ lé ọ̀gá tí kò fẹ́ ẹ lọ́rùn. Iṣẹ́ ìjọba tí òfin fúnra rẹ̀ dáàbò bò ló yàtọ̀, tìrẹ kì í sì í ṣe ìyẹn. Owó ni ọ̀rọ̀ yín máa já sí, owó náà kì í sì í tó bí inú ṣe ń bí èèyàn. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní 2021.

Ìwé owó ni mò ń ṣe ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Adó pè mí wá fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fún mi ní lẹ́tà, owó oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí mò ń gbà. Màámi gúnyán fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi iṣẹ́ Ìkẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Adébáyọ̀, mo san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ Ajé ló yẹ kí n wọlé. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀, obìnrin HR wọn, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pè mí: "Ẹ má bínú, ma, àwọn ọ̀gá ní ká ṣì dá a dúró ná." Dá a dúró ná! Mo bi í pé títí dìgbà wo. Ó ní òun ò mọ̀.

Gbogbo ilé ló gbà mí nímọ̀ràn. Bùrọ̀dá mi kan ní kí n lọ fi ọlọ́pàá gbé mánéjà wọn. Màámi ní kí n fa wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo ní èmi àti wọn ò kúkú ṣọ̀rẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọlọ́pàá yẹn, má dán an wò. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 kọ̀ ọ́ kí wọ́n mú èèyàn torí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Ohun tí o bá ná ní àgọ́ wọn, ó gbé nìyẹn.

Bàbá kan tó jẹ́ lọ́yà, tí ọ́fíìsì wọn wà nítòsí páàkì Fájuyì, ni mo lọ bá níkẹyìn. Wọn ò tiẹ̀ béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ náà ṣe fún mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọmọ mi, ìwọ dá wọn lóhùn? Nígbà wo?" Mo fi ímeèlì mi hàn wọ́n, ìlà méjì péré: mo gba iṣẹ́ náà, n ó wọlé lọ́jọ́ tí ẹ dá. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìlà méjì yẹn ló gbà mí là. Bí ilé iṣẹ́ bá fún ọ ní lẹ́tà tí o kò tíì dáhùn, wọ́n lè gbà á padà nígbàkigbà, kò sẹ́ni tí wàá mú. Tí o bá ti gbà á bó ṣe wà, tí èsì rẹ sì ti dé ọwọ́ wọn, àdéhùn ti dúró, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ ló jẹ gbèsè. Ṣùgbọ́n tí o bá kọ ọ́ pé "mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ fi díẹ̀ kún owó oṣù", o kò tíì gbà nìyẹn lójú òfin. Ìwọ lo tún ń ná ọjà. Nítorí náà wo ohun tí o kọ àti ọjọ́ tí o fi ránṣẹ́ dáadáa.

Ohun kejì tí Bàbá wò ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Tèmi sọ pé iṣẹ́ náà dúró lórí oníduúró méjì àti àyẹ̀wò ara. Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n sá sí nígbà tí Bàbá kọ̀wé sí wọn: wọ́n ní àwọn oníduúró mi ò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Bàbá tún kọ ìwé mìíràn, kúkurú: ta lẹ pè, lọ́jọ́ wo, kí ló sọ? Ọ̀kan nínú àwọn oníduúró mi jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ní Ìjerò, èkejì jẹ́ pásítọ̀ ní Ìyìn. Kò sẹ́ni tó pe èyíkéyìí nínú wọn rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ yẹn fi dákẹ́ lẹ́yìn ìwé yẹn.

Ó tún ku ìṣòro kan: orí fóònù ni obìnrin HR yẹn ti lé mi, kò sí àkọsílẹ̀. Bàbá ní kí n tẹ̀wé sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́, ma. Ẹ pè mí lọ́jọ́ Ẹtì pé kí n má wọlé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?" Ó dá mi lóhùn láàárín wákàtí kan, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé ọ̀gá ló mú ẹlòmíràn. Ó fẹ́ tù mí nínú ni, àmọ́ ẹ̀rí nìyẹn. Ìwọ ti ní tìrẹ lórí WhatsApp. Má pa á rẹ́, má sì bú wọn lábẹ́ rẹ̀, torí ohun tí ìwọ náà bá kọ ni adájọ́ máa kà. Tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, títẹ̀ ẹ́ sórí bébà nìkan kò tó. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní kí ìwé kan tẹ̀ lé e tí yóò sọ ẹ̀rọ tí ó ti jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́yà rẹ ló máa ṣe é, ṣùgbọ́n tọ́jú fóònù náà dáadáa. Fóònù tèmi já sínú omi lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì mi.

Wàyí o, owó. Mo ti ṣírò tèmi: owó oṣù ọdún kan, owó ilé, ìtìjú. Bàbá ní kí n mú ìtìjú kúrò. Wọ́n ní ká ní mo wọlé, tí ilé iṣẹ́ wá dá mi dúró lọ́jọ́ kejì, nótíìsì oṣù kan (ìkìlọ̀ ṣáájú kí wọ́n tó lé èèyàn) ni lẹ́tà sọ, nítorí náà ibi oṣù kan ni ìṣirò ti máa bẹ̀rẹ̀, ó sì lè máà kọjá bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà tiẹ̀ fẹ́ gé e kù: wọ́n ní Òfin Òṣìṣẹ́ sọ pé nótíìsì ọjọ́ kan tó fún ẹni tí kò tíì lo ju oṣù mẹ́ta lọ. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, abala 11. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ọ́fíìsì ni òfin yẹn ń pè ní òṣìṣẹ́, iṣẹ́ ìmọ̀ bíi tèmi àti tìrẹ kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ jọ fọwọ́ sí ni wọ́n máa wò. Ti owó ilé, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo ti sọ fún HR nínú ímeèlì pé mo ń kó bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ nítorí iṣẹ́ náà. Wọ́n mọ̀, wọn ò sì ní kí n dúró. Bí ó bá jẹ́ pé Màámi nìkan ni mo sọ ọ́ fún ni, owó mi nù nìyẹn.

National Industrial Court ni irú ẹjọ́ yìí ń lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè wa ṣe, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, òun nìkan ló láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ní kí o lọ sí kóòtù májísíréètì fẹ́ fi àkókò rẹ ṣòfò. Ó tún lè wo ìwà tí kò tọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà nìkan, ìdí nìyẹn tí àyà ilé iṣẹ́ fi máa ń já sí i. Ẹ̀ka tó wà ní Àkúrẹ́ ni Bàbá fẹ́ gbé tèmi lọ. Mo ro owó ọkọ̀ Adó sí Ìkẹ́rẹ́, sí Ìjù, sí Àkúrẹ́, àti bí wọ́n ṣe máa ń sún ẹjọ́ síwájú, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi lẹ́tà kan ṣoṣo sí i.

Lẹ́tà ìkẹyìn yẹn, tí ìwé ẹjọ́ tí a ti kọ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀, ló mú wọn pè wá. Oṣù mẹ́rin ló gbà lápapọ̀. Wọ́n san owó oṣù kan àti ìdajì owó ilé, mo buwọ́ lùwé pé n kò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn tí mo yọ ti Bàbá, ohun tó kù san owó ilé ìwé àbúrò mi kan fún táàmù kan. Ká ní wọn ò sanwó, mi ò rò pé mo lè lọ sí Àkúrẹ́.

Má jókòó sílé dúró dè wọ́n o. Adájọ́ máa béèrè ohun tí o ṣe láti rí iṣẹ́ mìíràn. Gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí ni mo tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, títí mo fi rí hòtẹ́ẹ̀lì kan tí mò ń bá ṣe ìwé owó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Pe ọ̀gá ilé ìwé rẹ ní Ìkọ̀lé lónìí, kí wọ́n tó fi ẹlòmíràn sípò rẹ. Lóòótọ́, tí wọ́n bá gbà ọ́ padà, owó tí wàá gbà lọ́wọ́ àwọn ti Adó máa dín kù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí o gba owó oṣù rẹ ní Ìkọ̀lé.

Ṣùgbọ́n kí o tó lọ bá lọ́yà kankan, ṣí lẹ́tà náà, wo ibi tí wọ́n kọ nótíìsì sí, kí o sọ iye ọjọ́ tó wà níbẹ̀ fún mi.