Èsì: Yàrá kan ni mo gbà, ta ló ni owó-orí ilé?

Ẹ ní káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù fi bíìlì owó-orí (council tax) gbogbo ilé ránṣẹ́ sí yín, yàrá kan ṣoṣo lẹ sì gbà. Ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ yàrá yẹn nìkan ló wà níbẹ̀, tí àwọn yòókù náà ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀, onílé ni òfin owó-orí ilé ti 1992 di gbèsè náà lé lórí. Gbólóhùn tó ní “ayálégbé ni yóò san án” kò kan káńsù. Àárín ẹ̀yin àti onílé ló mọ. Àmọ́ bí gbogbo yín bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan fún odindi ilé, ó lè yí padà: káńsù lè mú ẹnì kan péré nínú yín fún gbogbo owó náà.

Ẹ kọ̀wé sí káńsù, ẹ fi àdéhùn àti rìsíìtì owó ilé há a. Oṣù 2 ni wọ́n ní láti fèsì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀yin náà ní oṣù 2 láti gbé e lọ sí Valuation Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó-orí ilé; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má dúró títí káńsù yóò fi pè yín lọ sí kóòtù májísíréètì nítorí gbèsè náà o! Wọn kì í yanjú ta ló jẹ gbèsè níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Ẹ ṣì máa san owó náà títí ìdájọ́ Tribunal yóò fi dé. Wọ́n á dá a padà bí ẹ bá jàre.